Àpá Abẹ́rẹ́ Lára Díìsìkì

Ilé kan wà tí omi gbé lọ, síbẹ̀ tí kò lọ. Bí ẹ bá bi Màmá Ẹlẹ́rìn-ín bí ìyẹn ṣe lè rí bẹ́ẹ̀, á kọ́kọ́ ní kí ẹ jókòó, á gbé ìdí tirẹ̀ náà kalẹ̀ gbì, ẹ̀rín á sì ti máa pa á kí ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu rẹ̀.

Odò tó ń ṣàn lẹ́yìn ilé náà ló kún. Ó wọlé láì kan ilẹ̀kùn, ó kó àga, ó kó ìkòkò, ó kó gbogbo fọ́tò tó wà lára ògiri, nígbà tó sì rí i pé kò sẹ́ni tó bá òun wí, ó kó ògiri náà. Ọkọ Màmá Ẹlẹ́rìn-ín wà níbi iṣẹ́, àwọn ọmọ tó ti dàgbà wà nílé ìwé. Òun nìkan ló sá jáde, ọmọ lẹ́yìn, agolo bísíkíìtì lábẹ́ apá. Aránṣọ ni, ó rò pé sísọ́ọ̀sì rẹ̀ tó dára jù ló wà nínú agolo náà. Ìgbà tó dé orí òkè tó ṣí i, kí ló bá níbẹ̀? Díìsìkì kọ̀ǹpútà ọkọ rẹ̀ kan ṣoṣo, pẹlẹbẹ, dúdú, tó ń rọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí etí ewúrẹ́. Ó bú ọkọ rẹ̀ títí ohùn rẹ̀ fi há.

Ọkọ náà ti sùn nínú Olúwa báyìí. Ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ náà, Àbíkẹ́yìn, ti di dókítà eyín, ó ti ń wo àwọn àgbàlagbà lójú, tó ń sọ fún wọn pé kí wọ́n lanu. Màmá Ẹlẹ́rìn-ín sì ti di ẹni tó ń sùn lọ́sàn-án, tí orí á fì sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú àga, tí ẹnu á là sílẹ̀. Nínú oorun ọ̀sán yìí ló ti máa ń lọ sílé. Omi á fà sẹ́yìn fún un bí ẹni ká aṣọ ìkélé, ilẹ̀kùn aláwọ̀ sánmà á yọ, á wọlé, á máa ti yàrá kan bọ́ sí yàrá kejì, ilẹ̀ á tutù mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Kò sí ohun tó ń ṣe níbẹ̀. Á kàn fọwọ́ kan ògiri, á jókòó díẹ̀, á sì jí.

Ṣùgbọ́n lẹ́nu àìpẹ́ yìí, nǹkan ti ń sọnù níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó wá sítóòfù, kò rí i. Lọ́jọ́ mìíràn, ó dé yàrá ẹ̀yìn, yàrá tí Àbíkẹ́yìn máa ń sùn sí nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, ó sì rí i pé yàrá náà kò ní fèrèsé mọ́. Ògiri lásán ni, kanlẹ̀. Ó fọwọ́ wá a kiri títí, kò rántí ibi tí fèrèsé wà. Ó jí. Fọ́tò ti lọ, ọkọ ti lọ, àwọn aládùúgbò ti fọ́n ká. Bí ilé bá tún tán lójú àlá, ibo lèèyàn ó ti lọ wá a?

Ìgbà náà ló rántí agolo bísíkíìtì. Nítorí pé ọkọ rẹ̀, tó máa ń lọ láti ojúlé dé ojúlé ka mítà iná, ní kọ̀ǹpútà kékeré kan nílé tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Lórí rẹ̀ ló ti ya ilé wọn, yàrá kan lẹ́yìn èkejì, ó sì ṣe é bí eré tí èèyàn lè máa rìn nínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà bá omi lọ. Díìsìkì ṣẹ́ kù.

*

Lókè ilé àwọn alágbàfọ̀ ni ṣọ́ọ̀bù Baba Ẹ̀rọ wà. Ooru áyọ́ọ̀nù ń gba àárín pákó ilẹ̀ yọ sókè, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo yàrá náà ń rùn bí aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ, ìkùukùu fẹ́ẹ́rẹ́ sì bo ojú àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó tò sórí pẹpẹ, àwọn aláwọ̀ eérú tí lẹ́tà orí bọ́tìnnì wọn ti pa rẹ́. Iṣẹ́ ọkùnrin náà ni kó máa kó ohun tó wà nínú díìsìkì ayé ọjọ́un sínú kọ̀ǹpútà ayé ìsinsìnyí. Sísanra ló sanra, ó sì ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ru ẹyin.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Baba Ẹ̀rọ," Màmá Ẹlẹ́rìn-ín sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà. "Àtẹ̀gùn yín yìí, ṣé torí káwọn arúgbó má baà wá lẹ ṣe kàn án bẹ́ẹ̀ yẹn?"

"Ẹ káàbọ̀, Màmá. Ẹ má bínú. Ẹ wá jókòó."

"Ẹ jẹ́ n mí ná. Ọ̀kan nínú orúnkún mi ṣì wà nísàlẹ̀, ó ń bọ̀."

"Màmá," Àbíkẹ́yìn sọ lẹ́yìn rẹ̀, "ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́."

Baba Ẹ̀rọ fi ìka méjì mú díìsìkì náà bí ẹni mú labalábá. Ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ àlàyé, nítorí ó fẹ́ràn àlàyé ju oúnjẹ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara rẹ̀ kò fi hàn.

"Màmá, òrùka òrùka lohun tó wà lára díìsìkì, ọ̀kan yí èkejì ká. Tí mo bá ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀, gbogbo òrùka yẹn ni màá kó sínú fáìlì kan ṣoṣo. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ á wá rí fáìlì náà, á rò pé díìsìkì gan-an ni wọ́n ki bọ òun lẹ́nu. Ṣùgbọ́n fáìlì náà oríṣiríṣi ni. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n kó ọkà wá láti oko. Oríṣi kan wà tó jẹ́ pé a ó fẹ́ ọkà náà, a ó gbọn ìyàngbò dànù, hóró nìkan la ó kó sápò. Òmíràn wà, bó ṣe ti oko dé la ó ṣe kó o, àtìyàngbò, àtiyanrìn, àtèérà tó bá a wá."

"Ta ló máa fẹ́ èérà?"

"Ẹ̀ẹ̀kan lọ́gbọ̀n lẹ́nì kan máa ń fẹ́ ẹ. Hóró nìkan là ń ṣe fún gbogbo ayé. Kì í gba ààyè, ibi gbogbo ni wọ́n sì ti lè ṣí i."

"Ẹ ṣe hóró fún wa jàre. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n."

Ó ki díìsìkì bọ ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ náà tú èémí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ohùn kan tí Màmá Ẹlẹ́rìn-ín kò gbọ́ láti ọdún gbọ́nhan. Ìyanu ni bí etí ṣe ń pa nǹkan mọ́. Kíá, ó tún wà ní pálọ̀, ó ń dá ọrùn sí aṣọ, ọkọ rẹ̀ wà ní yàrá kejì, ẹ̀rọ ń kùn, òjò ń rọ̀ lórí páànù... Níbì kan láàárín, ẹ̀rọ náà kọsẹ̀. *Gìrìkì, gìrìkì, gìrìkì.* Baba Ẹ̀rọ dijú sí i díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ ń bá a lọ.

"Òrùka kan ti bàjẹ́ níbì kan," ni ó sọ. "Ọjọ́ orí ni. Mo ti fi òdo, ìyẹn òfìfo, dí ojú ibẹ̀. Kò lè ṣe nǹkan."

Ó gbé fáìlì náà fún ọ̀kan nínú àwọn kọ̀ǹpútà aláwọ̀ eérú. Tẹlifíṣọ̀n onídìí gbàǹgbà kan tàn. Ilẹ̀kùn sì yọ.

Ilẹ̀kùn náà ni! Aláwọ̀ sánmà, onígun mẹ́rin mẹ́rin bí ẹni tò bulọ́ọ̀kù, pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ tó wọ́ sísàlẹ̀ nítorí pé ọmọ àkọ́bí ti rọ̀ mọ́ ọn já. Màmá Ẹlẹ́rìn-ín na ọwọ́ sí i láìmọ̀. Àfi bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ara rẹ̀ sábẹ́ ilẹ̀kùn náà, lẹ́tà kan tẹ̀lé èkejì:

KÌ Í ṢE ILÉ RẸ NÌYÍ. MÁA LỌ.

Tẹlifíṣọ̀n ṣókùnkùn.

Áyọ́ọ̀nù àwọn alágbàfọ̀ tu ooru nísàlẹ̀, *ṣìììì*.

"Ẹ gbọ́," Màmá Ẹlẹ́rìn-ín sọ nígbẹ̀yìn, "ọkọ mi ti kú tán, ó wá rántí lé mi nílé." Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú, Àbíkẹ́yìn gbọ́ ọ, ó di ìyá rẹ̀ lápá mú.

*

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó sùn nínú àga. Omi fà sẹ́yìn, ilẹ̀kùn yọ, ó tì í, kò ṣí. Ó gbá a, kò ṣí. Ó fi ìdí rẹ̀ tì í, ìdí tó ti ti ohun tó wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ láyé yìí, kò ṣí. Ohùn ọkọ rẹ̀ wá ti inú ilé wá, jẹ́jẹ́, bí ìgbà tó bá ní kó bá òun wá ìbọ̀sẹ̀: "Fi ọwọ́ rẹ hàn mí."

Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Àtàǹpàkò àti ìka kejì lẹ̀ mọ́ra, bí ẹni pé ó mú nǹkan tín-ín-rín kan dání.

Ó jí. Àwọn ìka náà ṣì lẹ̀ mọ́ra. Ó wò wọ́n. Ó wò wọ́n títí. Lójijì, ó rántí, bí ẹni tó rántí pé òun ti gbé omi kaná láti àárọ̀, ó sì hó yèè.

"Abẹ́rẹ́! Èmi ni! Orí mi ò, èmi ni mo gún un!"

*

"Ẹ̀yin lẹ gún un?" Gíláàsì ojú Baba Ẹ̀rọ tó wà níwájú orí já bọ́ sórí imú rẹ̀.

"Èmi ni. Ṣé ẹ fẹ́ mú mi ni?" Lọ́tẹ̀ yìí, kò tilẹ̀ rántí bú àtẹ̀gùn. "Ẹ jẹ́ n sọ fún yín. Àwọn ọ̀rẹ́ Bàbá wọn nígbà náà, gbogbo Sátidé ni wọ́n máa ń kóra jọ sí pálọ̀ mi, olúkúlùkù gbé àpò díìsìkì dání. Ẹ̀dà ni wọ́n ń ṣe. Tí o bá ní eré kan, kí ilẹ̀ tó ṣú gbogbo wọn ti ní in. Bí èèyàn bá gbàgbé ìyàwó rẹ̀ sórí tábìlì, wọ́n á ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Wọ́n ò ní nǹkan ìtìjú, àfi ìgbà tí oúnjẹ bá tán. Ó wá di pé Bàbá wọn ya ilé wa tán. Ó wò ó, ó ní, 'Ìyá Wọn, àwọn èèyàn yìí máa wọ yàrá wa.' Mo ní, 'Kí ló wà ní yàrá wa?' Ó ní, 'Bẹ́ẹ̀dì.'"

"Màmá," Àbíkẹ́yìn sọ.

"Bẹ́ẹ̀dì ló wà níbẹ̀ ni mò ń sọ. Ibo lo rò pé o ti wá? Ó wá ní òun á fi kọ́kọ́rọ́ kan sí i tí wọn ò ní lè jí. Ó ní ká gún ojú díìsìkì náà ní abẹ́rẹ́ níbì kan tí òun bá fi hàn mí. Iná ti gbé òun fúnra rẹ̀ rí nídìí mítà, ọwọ́ rẹ̀ máa ń gbọ̀n; ọwọ́ tèmi kì í gbọ̀n. Mo ní ṣé orí rẹ̀ pé, nǹkan tó sanwó rà. Ó ní, 'Gún un. Tí wọ́n bá ṣe ẹ̀dà rẹ̀, wọ́n á kó gbogbo nǹkan, ṣùgbọ́n wọn ò ní lè kó ọgbẹ́.' Mo bá gún un."

Baba Ẹ̀rọ ti jókòó. Ojú rẹ̀ ń dán bí ojú ọmọdé tó rí ẹyẹ.

"Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wo ọgbẹ́ náà sàn," ni ó sọ, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Mo fẹ́ ọkà, mo gbọn ìyàngbò dànù, mo fi òdo dí ojú ọgbẹ́. Ilẹ̀kùn ń wá àpá kó tó ṣí. Kò rí i. Ó ní èké ni wá."

"Òótọ́ ló sì sọ."

"Oríṣi kejì la ò bá ti ṣe. Ìyẹn kì í bèèrè bóyá nǹkan dára tàbí kò dára. Bí díìsìkì bá ṣe ń dún lábẹ́ ẹ̀rọ ló ṣe ń kó o. Tó bá dé ojú abẹ́rẹ́ yín, ẹ̀rọ á gbọ́ ohùn kan nígbà àkọ́kọ́, á gbọ́ òmíràn nígbà kejì, torí kò sí nǹkan níbẹ̀ tó lè dì mú. Fáìlì yẹn á pa gbogbo ìgbọ̀nrìrì náà mọ́." Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó mú òwú funfun kan jáde. Ìlà kan wà lórí rẹ̀, pupa rúsúrúsú bí ìpẹtà. "Ṣùgbọ́n ẹ wo èyí, Màmá. Orí ẹ̀rọ ni mo ti nu ún lẹ́yìn tí ẹ lọ. Ara díìsìkì yín ló ń bó. Ohun tó bó yìí náà ni ilé yín. Mo lè mú un gbẹ díẹ̀, mo lè fọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló kù tó máa gbà ká kà á. Tó bá bọ́ sọ́wọ́, ó bọ́. Tí kò bá bọ́ sọ́wọ́..."

"Ṣé ẹ ò kàn lè já ilẹ̀kùn yẹn lára ẹ̀dà tó wà nílẹ̀ ni?" Àbíkẹ́yìn bèèrè.

"Mo ti yẹ inú rẹ̀ wò láàárọ̀ yìí, Dókítà. Gbogbo yàrá ni Bàbá so mọ́ ọgbẹ́ yẹn. Ẹ já ti iwájú, ti pálọ̀ á tún bèèrè. Ẹ já tìyẹn, ti ẹ̀yìn á bèèrè. Mi ò mọ̀ bóyá màá lè tú u láyé mi."

Àbíkẹ́yìn yíjú sí ìyá rẹ̀. "Màmá, ẹ jẹ́ kó máa wà bẹ́ẹ̀. Ó kéré tán, ẹ ti rí ilẹ̀kùn. Eyín tó bá ń mì, èèyàn kì í fọwọ́ pa á."

"Eyín tó bá ń mì, kí lẹ máa ń ṣe é ní ọ́fíìsì yín?"

"A máa ń yọ ọ́."

"Hẹn-ẹn."

Ṣùgbọ́n ìgbà tó wí bẹ́ẹ̀ tán, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó wo díìsìkì náà lórí tábìlì. Ihò abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́, tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo ń gba inú rẹ̀ kọjá sórí pákó, bí ìràwọ̀. Bó bá fi í sílẹ̀ báyìí, á ní díìsìkì tó ní ilé nínú, ilé tí ẹnikẹ́ni kò ní wọ̀ láéláé. Bó bá ní kí wọ́n kà á, ó lè di pé òun fúnra rẹ̀, lọ́wọ́ ara rẹ̀, ló da omi kejì lu ilé náà. Ó ronú kan ògiri kanlẹ̀ yẹn, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti ń wá kiri, tí kò rí fèrèsé.

"Èyí tó wà nínú orí tèmi náà ń bó," ni ó sọ níkẹyìn, ó na ìka sí orí rẹ̀. "Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ síbẹ̀, nǹkan á fi ara mọ́ mi lọ́wọ́, á tẹ̀ lé mi jáde, màá sì jí, màá sọ ọ́ nù. Àwa méjèèjì la ń bó. Ẹ jẹ́ ká kà á kí ọ̀kan nínú wa tó tán." Ó fa imú. "Ẹ kó o tèérà tèérà."

*

Baba Ẹ̀rọ mú díìsìkì náà gbẹ nínú àpótí kan tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó fọ̀ ọ́, ó tún nu orí ẹ̀rọ títí ó fi ń dán. Kò sáré. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ìgbà tó fẹ́ ki díìsìkì bọ ẹ̀rọ, ó wo Màmá Ẹlẹ́rìn-ín, ìyá náà sì mi orí.

Ẹ̀rọ tú èémí. Ó kùn. Wọ́n gbọ́ bó ṣe ń ti òrùka kan bọ́ sí òmíràn, *kẹ́*, *kẹ́*, bí àgbàlagbà tó ń sọ̀ kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn. Lórí tẹlifíṣọ̀n kọ̀ǹpútà tuntun, ìlà wẹ́wẹ́ ń ya wálẹ̀ bí òjò. Nígbà tó dé ojú ọgbẹ́, òjò náà dàrú, ó ń fò kiri, ó ń yí padà, kò dúró lójú kan. Baba Ẹ̀rọ kò fi òdo dí i. Ó káwọ́ gbera, ó jẹ́ kó máa fò. Àbíkẹ́yìn ń fi eékánná gún ọwọ́ ara rẹ̀ láìmọ̀. Lẹ́yìn náà, ohùn kan bẹ̀rẹ̀, fẹ̀ẹ̀ẹ̀, bí ẹni ń fa páànù nílẹ̀. Ẹ̀rọ náà dúró.

"Ó ti bó," Baba Ẹ̀rọ sọ. Ó dojú kọ tẹlifíṣọ̀n rẹ̀. "Ó ti bó, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ti kà á tán kó tó bó. Ẹ jẹ́ n wò ó. Ẹ jẹ́ n wò ó ná."

Ó gbé fáìlì náà fún kọ̀ǹpútà aláwọ̀ eérú. Ilẹ̀kùn aláwọ̀ sánmà yọ. Ó dúró níbẹ̀, ó ń ronú. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan lábẹ́ rẹ̀.

Ó ṣí.

Ará inú ilé náà sì jáde wá pàdé wọn: obìnrin kékeré kan, onígun mẹ́rin mẹ́rin, tí orí rẹ̀ kò ju àmì kan lọ, tí ìdí rẹ̀ sì jẹ́ gbogbo ìyókù.

"Ye!" Màmá Ẹlẹ́rìn-ín na ọwọ́ sókè. "Ìdí mi rè é! Ọkùnrin burúkú! Àwọ̀ mẹ́rin péré ni kọ̀ǹpútà náà ní, ó wá kó mẹ́ta sí ìdí mi!" Ẹ̀rín gbé e, ó gbá Baba Ẹ̀rọ lẹ́yìn, omijé ń ṣàn, kò sì nù ún.

Wọ́n fi hàn án bọ́tìnnì tí yóò máa tẹ̀. Ọwọ́ tí kì í gbọ̀n ti ń gbọ̀n díẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n obìnrin kékeré náà gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ó gba pálọ̀ kọjá, ẹ̀rọ ìránṣọ wà nígun. Ó ya ilé ìdáná, sítóòfù wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì kúrú, bó ṣe kúrú lóòótọ́. Yàrá kan wà tí bẹ́ẹ̀dì wà nínú rẹ̀. Àbíkẹ́yìn fẹ́ tẹ bọ́tìnnì wò.

"Má tẹ ìyẹn!"

"Kí ló ń ṣe?"

"Ó ń fò. Kúrò níbẹ̀, ọmọ yìí, jẹ́ ká lọ sẹ́yìn."

Wọ́n lọ sẹ́yìn. Ẹnu ọ̀nà ṣókùnkùn. Màmá Ẹlẹ́rìn-ín gbé ìka sórí bọ́tìnnì, kò tẹ̀ ẹ́. Ó mí. Ó tẹ̀ ẹ́.

Òkè ló wà. Fèrèsé náà, òkè tente ló wà, ní ìhà odò, kékeré, torí òun fúnra rẹ̀ ló ní òun ò fẹ́ kí ẹ̀fọn ríbi wọlé bá ọmọ. Báwo ló ṣe gbàgbé? Ó ti ń fọwọ́ wá ìsàlẹ̀ ògiri kiri láti ọjọ́ yìí. Ìmọ́lẹ̀ odò sì ń gba ibẹ̀ wọlé, ó ń mì lára ògiri, ó ń tàn, ó ń wọ́, kò ṣe bákan náà lẹ́ẹ̀mejì.

"Ibi ọgbẹ́ yẹn ni Bàbá ti ń rí ìmọ́lẹ̀ náà," Baba Ẹ̀rọ sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ bá kà á, ohùn mìíràn ló ń gbọ́. Ìyẹn ló ń mú un mì."

Lábẹ́ fèrèsé náà, bulọ́ọ̀kù pupa kan wà nínú àpótí funfun kan.

"Kí nìyẹn?" Àbíkẹ́yìn bèèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n.

"Ìwọ ni. Bẹ́ẹ̀ náà lorí ẹ ṣe rí."

Dókítà eyín jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, nínú ooru aṣọ gbígbẹ, ó gbé orí lé orúnkún ìyá rẹ̀, ó ń wo ibi tó ti sùn kí ó tó mọ̀ pé òun wà láyé.

Baba Ẹ̀rọ yọ díìsìkì náà. Òrùka kan ti ṣí lára rẹ̀ yípo, ara dúdú ti bó tán níbẹ̀, ó wá ku ike tó mọ́ gaara. Ó na án sí Màmá Ẹlẹ́rìn-ín tìtìjú-tìtìjú, bí ẹni fọ́ àwo onílé. Ìyá náà gbé e sójú. Ó gba inú òrùka náà wo òpópónà nísàlẹ̀: aṣọ funfun àwọn alágbàfọ̀ ń fì lórí okùn, oòrùn wà lára wọn, gbogbo rẹ̀ ń rọra mì bí ohun tó wà lábẹ́ omi.

"Ó ti di fèrèsé," ni ó sọ. Ó fi í sínú agolo bísíkíìtì, ó dé e.

Baba Ẹ̀rọ na ọwọ́ láti pa tẹlifíṣọ̀n.

"Ẹ má pa á o," Màmá Ẹlẹ́rìn-ín sọ. Ó ti fara ti àga, ojú rẹ̀ ti ń kéré. "Ẹ jẹ́ n sùn níbẹ̀ díẹ̀. Tí mo bá han-an-run, Àbíkẹ́yìn, gbá mi, ọmọ ń sùn nínú ilé."